Àyè Ojú Fèrèsé

Ọkọ mi gbọ́n. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún un kó tó wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tán. Télọ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ojúlówó, nítorí ohun tó kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Èmi náà gbọ́n, àmọ́ n kò kọ tèmi sára pátákó.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Yàrá kan ni, tábìlì gbọọrọ tí wọ́n fi ń gé aṣọ wà láàárín rẹ̀, gílóòbù kan rọ̀ sókè tábìlì náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó tuntun díẹ̀ wà lójú fèrèsé. Èyí tó ti gbó wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n ti rán tán kọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn àti ọkọ mi ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Bí ẹlòmíràn bá fẹsẹ̀ kàn án, á já òwú, á ká aṣọ mọ́ra, á kọ̀ jálẹ̀. Bí ọkọ mi bá jókòó tì í, ara rẹ̀ á balẹ̀ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kejì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ó gba òmìnira, ó gbéyàwó, ó bímọ, kò sì kúrò. Ó ní òun kò rí ibi tí òun ń lọ. Orúkọ rẹ̀ mọ ọ́n lára, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọkọ mi máa ń sọ pé àgékù aṣọ oníbàárà ti tó ṣòkòtò fún un.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ni ojú fèrèsé. Ọkọ mi ló ṣe òfin náà, láyé ìgbà tó jẹ́ pé òun ló ń jí àkùkọ. Ọmọṣẹ́ tó bá sùn jù, kọ̀rọ̀ ni tirẹ̀ títí dalẹ́, òun àti ẹ̀rọ aláìgbọràn, lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Òfin tó dára ni. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé òfin kì í darúgbó, ẹni tó ṣe é ló ń darúgbó. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wá ń kọ́kọ́ dé. Bó bá dìde pé kí ọ̀gá òun wá jókòó, ọkọ mi á ní, "Òfin lòfin." Á sì gba kọ̀rọ̀ lọ.

Ká ní orúnkún nìkan ni, ǹ bá má dá sí i. Ojú rẹ̀ ni. Ọmọ wa obìnrin ti ra awò ojú fún un. Dókítà tó yẹ ojú náà wò sì sọ létí èmi àti òun pé awò á ṣèrànwọ́, àmọ́ kó rí i pé inú ìmọ́lẹ̀ gidi lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó fi awò náà ya fọ́tò kan, ó sì tì í bọ àpò. Nígbà tí mo béèrè, ó ní àwọn tó ń kàwé ló ń lo awò, aṣọ ni òun ń rán ní tòun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan ní ìdákẹ́jẹ́. Láàárọ̀, bó bá ti wọlé lọ wẹ̀, mo máa ń mú tìmùtìmù kékeré tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ kúrò nínú báàgì rẹ̀, n ó ki òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀, n ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Kò béèrè rí pé ta ló ń ṣe é. Kò yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń bá aṣọ mímọ́ nínú àpótí kì í béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yà sọ́dọ̀ mi nílé, ó gbé ọ̀rá kan há abíyá. Ó mú ṣòkòtò kan jáde nínú rẹ̀, ti olùkọ́ orin tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ìwé, aṣọ búlúù tó dúdú bí aró. Ó tẹ́ ẹ sójú oòrùn fún mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, òwú búlúù ni wọ́n fi rán an. Ẹsẹ̀ òsì, òwú dúdú. Lábẹ́ gílóòbù, ìbejì ni àwọ̀ méjèèjì. Níta gbangba, ọmọ ọwọ́ á mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

"Màmá, mo máa tú u, mo máa tún un rán kí wọ́n tó wá gbé e," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ọ̀gá ò ní mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyí. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ló máa kọ́kọ́ rí i."

"Sọ fún un kó máa jókòó sójú fèrèsé."

"Ṣé ẹ ò mọ ọkọ yín ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí télọ̀ òdìkejì títì kógbá wọlé, ọkọ mi sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú òun ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà gan-an lòun á fi téèpù kọ́ ìṣó, tí òun á máa bọ̀ wálé. Kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tì. Mo ti rí ohun tí jíjókòó sílé sọ télọ̀ òdìkejì títì dà. Ọkùnrin tó máa ń fi ojú lásán wọn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn wá di ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé òní ọjọ́ wo. Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo ẹnu ọ̀nà lọ, n kò fẹ́ ẹ, n kò sì fẹ́ ẹ fún òun náà.

Bí èmi àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn nìyẹn.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́, èmi ni mo mú un wá. Mo ní kó máa pẹ́ dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò gba fèrèsé mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́? Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ibùsùn. Ọkọ mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kàkà kó ṣí i, kó wọlé, kó jókòó sójú fèrèsé bí ọmọ èèyàn, ó ní ara ọmọ náà kò yá nìyẹn. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún rìn dé ilé Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó bá a níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín níwájú àwo oúnjẹ àárọ̀. Ìwàásù tó ṣe nípa ọ̀lẹ lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì gbọ́, wọ́n sì jàǹfààní níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó bọ́ síwájú òun. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró so okùn bàtà, ó ṣe bíi pé ohun kan wọ̀ ọ́ lójú, ọ̀gá rẹ̀ kò gbà fún un. "Máa lọ níwájú mi, kí n máa rí ọ." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Òfin sì lòfin. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ń yà jí i láràárọ̀, ọmọ náà wá ń tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ní in, ẹ má kà á sí mi lọ́rùn. Ó lọ ráhùn sí ọ̀gá rẹ̀ pé oòrùn ojú fèrèsé ń jó òun lọ́rùn, pé bóyá kí àwọn pààrọ̀ àyè. Ọkọ mi kẹ́dùn gidigidi. Ó wo ọrùn náà, ó ní pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló gbé kọ́tìnnì dé. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, aṣọ tó nípọn ni, ìdí rẹ̀ apá kan gùn ju ekejì lọ. Ó gbé e kọ́ síwájú fèrèsé, ó fà á délẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù wá ṣú bí inú ìkòkò. Ó béèrè lọ́wọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ṣé ọrùn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó. Ó ní, "Màmá, tá a bá tún gbọ́n sí i díẹ̀, àwa méjèèjì la máa fọ́jú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Mo ní kó má sọ̀rètí nù. Mo ronú sí i nídìí àwo tí mo ń fọ̀, ó sì yé mi wàyí. Ohun tí a bá gbé fún ọkọ mi, ó máa ń wò ó bóyá àánú wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá fi ọgbọ́n àyínìke gbà lọ́wọ́ ẹni, á fi ṣe ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fún un ní fèrèsé. Ó gbọ́dọ̀ jà á gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín o."

Ó mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ń jẹ́ lẹ́nu mi. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n?"

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Wọ́n ní ó ń sọ kiri pé ojú fèrèsé ti di tòun. Wọ́n ní ó fẹ́ fi ìṣó kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì."

"Òfin ńkọ́?"

"Wọ́n ló ní òfin náà ti rọ ọ̀gá òun lọ́wọ́."

Ó jẹun lọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ tábìlì. Bí ẹsẹ̀ ọkọ mi bá ti ń mì báyẹn, ète ló ń pa. Inú mi dùn débi pé mo bu ẹran kún un. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ṣe ipa tirẹ̀. Láàárọ̀, ó ká kọ́tìnnì kúrò, ó to òòlù àti ìṣó sójú fèrèsé, ó sì ń súfèé.

Ní ọjọ́ kan báyìí, ọkọ mi rán Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ ra bọ́tìnnì. Ó ní oníhò mẹ́ta ni kó rà, kó má ra oníhò méjì, kó má sì gba oníhò mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ télọ̀, n kò tíì rí bọ́tìnnì oníhò mẹ́ta. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà kò rí i rí. Ó ní, "Ó ti yé mi, sà," ó sì jáde. Ilé mi ló gbà wá tààrà.

"Ọ̀gá ti rán mi jáde, wọ́n á ti máa gbé ẹ̀rọ," ló wí.

Mo bu oúnjẹ fún un. Ọgbọ́n ọkọ mi ti hàn sí mi kedere: á wọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sójú fèrèsé, á ti èyí tó tuntun sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn, ta ni yóò lè bá a du ìdí rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ díẹ̀, ó dúró.

"Ẹ̀rọ yẹn wúwo, Màmá."

"Jókòó. Ó ṣì kù díẹ̀."

"Orúnkún wọn ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Kí n tó bo oúnjẹ rẹ̀, ó ti já sí títì. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ti wà nínú ìjà náà. Ó ń kígbe pé ìrẹ́jẹ ni, pé wọ́n ti yan òun jẹ, pé ta ló ń ṣe irú èyí, bẹ́ẹ̀ ló sì di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mú ní apá kan, tí ọkọ mi di apá kejì mú. Ó ń pariwo, ó ń gbé e. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ojú fèrèsé, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, ẹ̀rọ ń jó. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣẹ́ páálí kan po, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò sì dákẹ́ ẹjọ́. Ọkọ mi ti jókòó, ó ń mí gúlegúle, ojú rẹ̀ ń dán.

"Òfin ò yí padà," ló sọ fún un. "Bó o bá kọ́kọ́ dé lọ́la, jókòó síbí. Ìwọ àti ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ jọ parí ẹ̀."

Ayé wá dùn. Ọkọ mi ń kọrin bọ̀ wálé. Ó mú awò ojú jáde nínú àpò, ó ní ojú fèrèsé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sóun lójú, kì í ṣe pé òun nílò rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Búlúù di búlúù, dúdú di dúdú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tú aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi sì ń rìn nínú ilé bí ọ̀gágun tó jagun bọ̀. Nígbà tí ìyàwó télọ̀ òdìkejì títì kí mi, díẹ̀ ló kù kí n ní kó wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ mi.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Aṣọ ilé-ìwé kékeré kan ló ń rán, ti ọmọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ìyá wọn," ló wí, "bá mi sọ fún ọmọ rẹ pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bínú."

"Ọmọ mi wo?"

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí wọ́n gba àyè mọ́ lọ́wọ́ kì í fi páálí há ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ẹni tó gbà á." Ó na ìka sí ilẹ̀. Páálí náà wà níbẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo ní, "Páálí wo nìyẹn?"

Ó wò mí láti òkè awò. Mo wá ibi kan jókòó sí.

"Mo rán ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ lọ ra bọ́tìnnì oníhò mẹ́ta," ló wí. "Ká ní orí ẹ̀ pé, ká ní kò mọ nǹkan kan, á bi mí pé ọ̀gá, ṣé ara yín yá. Ó ní ó ti yé òun, sà. Ó sì lọ."

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi kì í ṣe ọmọdé, àmọ́ orí igi ni mo wà lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ ibi tí n ó gbà sọ̀ kalẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Látorí ṣòkòtò olùkọ́ orin. Nígbà tó wá gbé e, mo fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Mo mọ ọwọ́ ẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ rẹ láàárín èrò."

"Kọ́tìnnì yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ́. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa sú yín ni."

Inú bí mi díẹ̀, kí n má purọ́. Gbogbo bí mo ṣe ń ronú nídìí àwo. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé à ń ṣàánú yín, ẹ ò wá fi téèpù kọ́ ìṣó bẹ́ ẹ ṣe sọ."

Ó dáwọ́ dúró. Ó yọ awò, ó fi etí aṣọ ọmọ náà nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹni tó bá ń ṣàánú èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gbìyànjú ẹ̀," ló wí. "Tó ò bá gbà, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin, mo lé yín, ẹ ò lọ. Mo wá rí i pé kì í ṣe àánú. Ó dùn mọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí mo ṣe máa jẹ́ kẹ́ ẹ tàn mí."

Mo ṣí oúnjẹ rẹ̀, mo tún un dé. Ó fa tìmùtìmù abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó mú abẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, òwú funfun rẹ̀ fà dé orí itan rẹ̀.

"Èyí náà," ló wí.

"Èwo?"

"Òwú rẹ. Ó máa ń gùn jù. Òwú gígùn ló máa ń ta kókó. Láti ọjọ́ tó o ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gé e jù nù." Ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ́ òwú náà lé e, láti orí ìka mi àárín títí dé ìgúnpá, ó sì gé e síbẹ̀. "Ibí yìí ló mọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò dúró dìgbà tó wọlé lọ wẹ̀. Mo fa àga tì í lójú rẹ̀, mo tú abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo ń wọn òwú mọ́ ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wò mí láti òkè awò.

"Gé e kúrú díẹ̀ sí i," ló wí.

Mo gé e.